Kọ́bọ̀ Irin Tí Bàbá Mọ́ṣádé Mú Bọ̀ Láti Bọ́mà

Ká ní ìjọba kò pààrọ̀ àwọ̀ owó ní ọdún 1984 ni, ó ṣeé ṣe kí Mọ́ṣádé Ṣíjúadé àti Bọ́dúnrìn Ògúnkọ̀yà má pàdé ara wọn títí ayé. Ẹni tó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò náà yóò rántí bí èrò ṣe ń tò síwájú báńkì kí ilẹ̀ tó mọ́, tí oòrùn yóò pa wọ́n títí, tí sójà yóò sì máa fi kòbókò tò wọ́n bí ọmọ iléèwé. Orí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni Mọ́ṣádé wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tẹ tàìpù ní ọ́fíìsì káńsù, kò sì tíì lọ́kọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi ọgbọ́n bèèrè.

Ìyá àgbà kan ló wà níwájú rẹ̀, tó so nǹkan wúwo kan mọ́ etí ìró. Nígbà tó kan ìyá náà, ó tú u sórí káńtà. Kọ́bọ̀ oníhò ni, ti ayé òyìnbó, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná mọ́ láti ìgbà tí náírà ti dé. Akọ̀wé báńkì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé kí ìyá yà lọ́nà. Ìyá náà ń ṣa owó rẹ̀ padà, ojú sì ń tì í.

Ọkùnrin kan kúrò lórí ìlà, ó bá ìyá náà ṣa owó, ó sì mú un lọ sábẹ́ igi dongoyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Nígbà tí Mọ́ṣádé parí tirẹ̀ tó jáde, ó bá wọn níbẹ̀, ọkùnrin náà lóṣòó, ó ń gbé àwọn kọ́bọ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹyin.

“Màmá, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n mọ́,” ló ń wí. “Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ kó lè dán, ẹ ti bó awọ ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ó ṣe dúdú yìí gan-an ló fi jẹ́ àgbà.”

Ó fi han ìyá náà pé ibi tó ga jù lára owó ni ọwọ́ ènìyàn kọ́kọ́ ń jẹ, pé bí etí adé ọba bá ṣì mú, a jẹ́ pé owó náà kò tíì rìn jìnnà. Ó ṣa díẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní àwọn òyìnbó tí ń kó owó àtijọ́ jọ lè béèrè wọn, ó sì sọ òótọ́ fún un pé ìyókù kò ju ìrántí lọ. Ìyá náà gbàdúrà fún un títí ó fi ń fi ọwọ́ nu ojú.

Mọ́ṣádé kò mọ ohun tó dá òun dúró. Ó ní, “Ẹ ti sọ àyè yín nù lórí ìlà o.”

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò tún padà wá lọ́la. Bọ́dúnrìn ni orúkọ òun, ọmọ Ìbefun ni òun, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Òdógbolú. Ilé agbẹ̀dẹ ni wọ́n bí òun sí, bàbá òun ló sì fi irin, idẹ àti bàbà kọ́ òun kí ìwé tó kọ́ òun. Nínú gbogbo owó ayé, ó ní ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí òun ti kà nípa rẹ̀ tí òun kò fọwọ́ kàn rí, ìyẹn kọ́bọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi irin ṣe nígbà ogun.

“Bàbá mi ní ọ̀kan,” ni Mọ́ṣádé dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Adébùsọ́lá ló ṣe alárenà. Ọ́fíìsì kan náà ni òun àti Mọ́ṣádé wà, ó ti lọ́kọ, ó sì jẹ́ ọmọ Ìbefun bíi ti Bọ́dúnrìn, nítorí náà ó lè jẹ́rìí ọkùnrin náà. Ó jẹ́rìí rẹ̀ dáadáa. Ó ní kò mu ọtí, kì í pariwo, àti pé bí ó bá ní òun ń bọ̀, yóò dé. Láàárín oṣù díẹ̀, ọjọ́ Sátidé ti di ọjọ́ tí Mọ́ṣádé ń fi etí sílẹ̀ fún ìró alùpùpù kan. Wọ́n á jọ rìn dé iwájú pósítọ́fíìsì, wọ́n á jọ jókòó, ọ̀rọ̀ kò ní tán. Bọ́dúnrìn kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ohun tí Mọ́ṣádé kò sì rí lọ́dọ̀ ọkùnrin kankan rí ni.

Màmá Matilda, ìyá Mọ́ṣádé, fẹ́ràn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó se ìkọ́kọrẹ́ fún un nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó sì fi ẹran kún un. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń jẹun, Mọ́ṣádé fi ẹ̀rín sọ fún ìyá rẹ̀ pé owó àtijọ́ ni Bọ́dúnrìn ń yẹ̀ wò kiri, pé òòfà kékeré kan tí ń fa irin mọ́ra kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, àti pé ojú rẹ̀ ti ń wọ́nà fún kọ́bọ̀ irin tí Bàbá mú bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Màmá kó àwo kúrò nílẹ̀ nígbà tí àlejò kò tíì jẹun tán.

Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó pe Mọ́ṣádé sí yàrá, ó bi í léèrè ìdílé ọkùnrin náà bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ìbefun? Agbẹ̀dẹ? Ó ní òun kò tọ́ ọmọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó lè lọ máa jẹ ẹran ajá nídìí Ògún. Mọ́ṣádé ní Bọ́dúnrìn fúnra rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ̀ nìkan ni kò lọ. Màmá ní ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu òun.

Ó ká Mọ́ṣádé lára. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe òǹrorò, ìyá tí gbogbo àdúgbò ń sá tọ̀ ni. Ó ronú pé bóyá òun ló ṣi ọkùnrin náà wò, pé bóyá àgbà rí ohun tí òun kò rí. Adébùsọ́lá wá bẹ Màmá, ó wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò rí ojúùtú. Ìgbà tó yá ló kọjú sí Bàbá.

Bàbá Simeon Ṣíjúadé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì títí ó fi fẹ̀yìntì, ìrìn sójà kò sì tíì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ Adébùsọ́lá tán, ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọkùnrin náà kó wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun ní nǹkan kan tí òun fẹ́ kó bá òun wò.

Nígbà tí Bọ́dúnrìn dé, ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá sì ní kó jókòó sí tòsí òun. Mọ́ṣádé jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá gbé agolo kékeré kan jáde, ó tú aṣọ àrán tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fi owó náà léni lọ́wọ́. Ìtàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ.

Ó ní ní ọdún 1944, ibà dá òun dùbúlẹ̀ ní ọsibítù àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Íńdíà. Lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé ti òun ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan wà, ènìyàn dúdú bíi tiwa, awakọ̀ lọ́ọ̀rì, Ernest ni orúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Ernest kò yé òun, ti òun kò yé Ernest. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun kò lè gbé orí sókè, tí àwọn nọ́ọ̀sì kò ká gbogbo aláìsàn, Ernest tí wọ́n di ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ní báńdéèjì ló ń fi ẹsẹ̀ kejì tọ wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú ife omi, tí yóò gbé orí òun lé apá, tí yóò fún òun mu. Ọjọ́ tí wọ́n máa pínyà, ó fi kọ́bọ̀ kan lé òun lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe títí ó fi yé òun pé ọta ìbọn ni ìjọba àwọn fi gbogbo bàbà ilẹ̀ àwọn ṣe, ìyẹn ni wọ́n fi fi irin ṣe kọ́bọ̀ ní ọdún 1943.

“N kò gbúròó rẹ̀ mọ́,” ni Bàbá wí. “Bí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wà láàyè, pé mo fẹ́yàwó, pé mo bímọ, owó yìí ni mo máa ń dì mú. Mo fẹ́ kó di ti Mọ́ṣádé lọ́jọ́ tó bá lọ sílé ọkọ. Wò ó fún mi. Ṣé ó ṣì wà dáadáa?”

Ó fi í lé Bọ́dúnrìn lọ́wọ́.

Kí Bọ́dúnrìn tó wò ó rárá ni ọkàn rẹ̀ ti já. Owó náà wúwo ju bó ti yẹ lọ. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni kọ́bọ̀ ọdún náà, irú síǹkì tí ń bẹ lára páànù ilé, bí ó bá sì ti pẹ́, àwọ̀ eérú ló ń ní, ìpáta á máa jẹ ẹ́ láti etí. Èyí funfun, ó ń dán bíi fàdákà. Ó yí etí rẹ̀ sí fèrèsé. Níbi tí ìka Bàbá ti ń pa á fún ọdún pípẹ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bàbà ló wà lábẹ́. Ó wo ọdún tí wọ́n kọ sí i, ó sì rí i pé ẹni kan ti fi ayùn kékeré gé apá òsì nọ́ńbà ìkẹyìn, pé mẹ́jọ ni ẹni náà sọ di mẹ́ta.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sínú àpò níbi tí òòfà wà. Ó gbójú sókè. Màmá Matilda dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo ife omi, àwọn ife náà sì ń kan ara wọn. Ó kàn ń wo Bọ́dúnrìn, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tí omi ti mù dé ọrùn.

Ó yé Bọ́dúnrìn lójú kan náà pé Màmá mọ̀ nípa owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìdí. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò lófìfo.

Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun. N kò fẹ́ fi ìkánjú sọ̀rọ̀ lórí ohun tó tó báyìí. Ẹ fún mi láyè.”

Bàbá wò ó pẹ́. Ó gba owó náà, ó fi àrán dì í. Ó ní kò burú, kó padà wá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ẹnu rẹ̀. “Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun kan,” ni ó fi kún un. “N kò bèèrè ọrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa fẹ́ ọmọ mi. Kó má ṣáà purọ́ fún mi.”

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Màmá Matilda fi wọ ọkọ̀ lọ sí Òdógbolú. Wọ́n pe Bọ́dúnrìn jáde ní kíláàsì, ó bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá di apá rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Nígbà tí Mọ́ṣádé ṣì ń rákò, tí Bàbá lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Èkó, ọmọ náà ń ké, eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Màmá fún un ní kọ́bọ̀ náà kó máa fi ṣeré, ó gbé e pọ̀n lọ sẹ́yìnkùlé, ọmọ sì ju owó náà sínú ṣáláńgá. Màmá sunkún títí. Ó mú yẹtí wúrà tí ìyá ọkọ rẹ̀ fún un lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kan, ìyẹn sì wá kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà mìíràn rí lọ́wọ́ atukọ̀ kan, ó tún un ṣe títí ó fi jọ ti àkọ́kọ́. Àṣírí yẹn ló ti ń gbé kiri láti ìgbà náà. Ó ní nígbàkigbà tí ọkọ òun bá di owó náà mú tó ń dúpẹ́, ńṣe ló ń dà bíi pé òun ń fún un ní májèlé mu.

“Kì í ṣe ti Ògún,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé òòfà wà lápò rẹ ni ẹ̀rù rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ọmọ mi, sọ fún Bàbá pé owó Ernest gan-an ni. Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní wí nǹkan kan mọ́. Èmi fúnra mi ni màá fa Mọ́ṣádé lé ọ lọ́wọ́.”

Ohun tí Bọ́dúnrìn ń wá ló wà níwájú rẹ̀ yìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò sì ná an. Ta ni yóò mọ̀? Bàbá ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ó rántí ojú Bàbá nígbà tó ní kó má purọ́ fún òun, ó sì rò ó pé bí òun bá fi irọ́ gba ọmọ ẹni, ìgbà wo ni òun yóò lè wo àna òun lójú?

Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. “Màmá, n kò ní tú yín fó. Ọ̀rọ̀ yín ni, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún Bàbá pé òun ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ kò bá sọ, màá ní n kò ní ohun tí mo lè wí, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́.”

“Wọn yóò lé ọ jáde.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Màmá.”

Màmá Matilda fi gèlè nu ojú, ó sì lọ láìdágbére.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ṣòro. Bọ́dúnrìn kò lè lọ sí ilé wọn, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ tó máa bá Bàbá sọ. Mọ́ṣádé ń fi etí sílẹ̀ fún ìró alùpùpù lọ́jọ́ Sátidé, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n pàdé nílé Adébùsọ́lá, ó bi í léèrè ohun tí òun ṣe fún un. Bọ́dúnrìn ní kò ṣe nǹkan kan. Ó tún bi í bóyá owó Bàbá kò dára ni. Ó dákẹ́.

“Èmi náà ni o ń dákẹ́ fún?” ni Mọ́ṣádé bi í.

“Ká ní tèmi ni, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.”

Mọ́ṣádé dìde, ó sì jáde. Ó sunkún dé ilé. Ó rò ó pé ìfẹ́ ọkùnrin náà ti tutù, pé ó ń wá àwáwí ni. Síbẹ̀, bí ó bá ti pa ojú dé, bí ọkùnrin náà ṣe lóṣòó ti ìyá àgbà yẹn lábẹ́ igi ló ń rí. Kò lè fi ẹni yẹn àti ẹni tó ń dákẹ́ yìí ṣe ọ̀kan. Ní ti Bọ́dúnrìn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Nígbà tí ó yá, Bàbá Simeon rán Adébùsọ́lá sí Bọ́dúnrìn pé kí ó wá.

Ó bá gbogbo wọn ní pálọ̀. Agolo wà lórí tábìlì. Màmá jókòó sí igun yàrá, ó ká ọwọ́ jọ. Mọ́ṣádé kò wò ó. Bàbá bi í bóyá ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀.

Bọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, ẹ dárí jì mí. N kò ní ohun tí mo lè sọ nípa owó náà. Kì í ṣe pé n kò wò ó. N kò ní purọ́ fún yín, n kò sì ní sọ̀rọ̀. Bí èyí bá bà mí jẹ́ lójú yín, mo gbà.”

Mọ́ṣádé di etí àpótí tó jókòó lé mú. Nígbà náà ni Màmá Matilda dìde ní igun, ó wá kúnlẹ̀ sí iwájú ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Bọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ sí. Ó ní, “Bàbá Mọ́ṣádé, èmi ni.” Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọmọ tó ń ké dé orí yẹtí wúrà, títí dé orí ohun tí Bọ́dúnrìn sọ fún un ní Òdógbolú. Kò gbé orí sókè títí ó fi sọ ọ́ tán.

Bàbá na ọwọ́, ó sì fà á dìde, ó mú un jókòó sórí àga tirẹ̀.

“Matilda, mo ti mọ̀ tipẹ́,” ni ó wí. “Owó tí mo fi àyà mi gbé la igbó Bọ́mà já. Ìpáta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkùnrin inú rẹ̀, ó dà bí hóró ata. Mo ti Èkó dé, mo fi ọwọ́ kàn án, hóró ata kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rí etí rẹ láìsí yẹtí. Mo tọ alágbẹ̀dẹ wúrà náà lọ, ó jẹ́wọ́ fún mi. Mo ní bí obìnrin bá lè ṣe tó báyìí kí inú mi má bàa bàjẹ́, kí ni mo tún fẹ́ bèèrè?”

Màmá wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. “Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa rù ú láti ọdún náà wá?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mọ́ṣádé rí i kí bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

“Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe ọ́,” ni ó wí níkẹyìn. “N kò rò ó rí pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Foríjì mí.” Ó kọjú sí Bọ́dúnrìn tó ṣì dọ̀bálẹ̀. “Dìde, ọmọ mi. Kí n lè mọ̀ bóyá wàá purọ́ fún mi ni mo ṣe ní kí o wò ó. Èmi dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́, ṣùgbọ́n Matilda ti sọ fún mi lónìí yìí pé o ní kí òun wá sọ ọ́ fúnra òun. Ìyẹn ni èmi kò ṣe. Ká ní mo ti là á lọ́jọ́ kìíní, obìnrin yìí ì bá ti sinmi.”

Mọ́ṣádé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, láàárín omijé. Ó ní, “Nítorí náà èmi ni mo ju owó Ernest sí ṣáláńgá.” Bàbá pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, Màmá náà sì bẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí Bọ́dúnrìn wá yẹ owó náà wò dáadáa, pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń wu òun láti mọ bí alágbẹ̀dẹ náà ṣe rí i ṣe. Bọ́dúnrìn yọ òòfà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé e lé ìdérí agolo, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e lé kọ́bọ̀, kò fà á. Ó ní irin gidi ì bá ti fò mọ́ ọn. Ó fi ibi tí wọ́n ti gé mẹ́jọ di mẹ́ta hàn wọ́n, ó ní mẹ́ta ti ọdún náà gan-an ní ìrù gígùn tó wálẹ̀, èyí kò ní. Ó fi etí tó pọ́n hàn wọ́n. Màmá Matilda tẹ́rí wò ó pẹ̀lú dígí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ń wo ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí.

“Ó mọ iṣẹ́ o,” ni Bọ́dúnrìn wí nípa alágbẹ̀dẹ náà.

Bàbá fi àrán dì í padà. Ó ní ti Ernest wà lọ́kàn òun, ibẹ̀ kò sì sí ṣáláńgá. Ó ní ṣùgbọ́n èyí, kò sí ẹni tí òun yóò fún. “Ìyàwó mi ló ṣe é fún mi. Mọ́ṣádé, ẹ lọ wá owó tiyín.”

Wọ́n ṣe ìdána ní ìparí ọdún náà, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 1985. Nígbà tí àlùfáà ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ jáde, Màmá Matilda ló kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ọpẹ́ ọmọ tó relé ọkọ ni. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, Bàbá sì wá dúró tì í.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lọ kí àna wọn ní Ìbefun. Màmá kò dé ilé náà rí. Ìbítáyọ̀, ìyá Bọ́dúnrìn, sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹni tó fún un lọ́mọ, Màmá Matilda náà sì ń kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì di ara wọn mú lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó gbà kí ẹnì kejì kan ilẹ̀. Ìbítáyọ̀ ń dúpẹ́ pé wọ́n fi ọmọ wọn fún ilé agbẹ̀dẹ.

“Èmi ló yẹ kí n máa dúpẹ́,” ni Màmá Matilda wí. “Ọmọ tí ẹ bí lè pa ẹnu mọ́, kò sì lè purọ́. Nínú ayé mi, n kò tíì rí irú rẹ̀.”

Bàbá Ògúnkọ̀yà mú Bàbá Simeon lọ wo ilé arọ níbi tó ti ń rọ irin, àwọn àgbà méjèèjì jókòó síbẹ̀ pẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ irin. Wọ́n jẹun, wọ́n fi iṣu àti garawa epo pupa kún ẹ̀yìn ọkọ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, oòrùn ṣì wà lókè, ọ̀nà kò dára, ọkọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Bàbá yíjú láti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rí i pé ó ti sùn lọ, orí rẹ̀ wà léjìká òun, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti ọmọdé.

Ó fọwọ́ tọ́ awakọ̀ léjìká. Ó ní kó rọra, ìyàwó òun ń sùn.